Bí Frettchen Mẹ́ta Láti Berlin Ṣe Sọ Mí Di Bàbá Wọn

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́ yìí, wọ́n já mi jẹ kí ẹnikẹ́ni tó kí mi káàbọ̀. Frau Hansen, ìyá arúgbó kúkúrú tó ni ibùdó ìtọ́jú ẹranko náà, ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan fún mi, ó ní kí n máa wọlé jẹ́jẹ́. Mo wọlé. Nǹkan kan tó dà bí ìbọ̀sẹ̀ tó ń sáré yọ lábẹ́ àpótí, ó gbá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi mú láti orí bàtà, kò sì fi í sílẹ̀. Mo figbe ta: “Yéè! Ìyá mi o!” Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ tí ì bá bá mi dárò. Frau Hansen kò tiẹ̀ kánjú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹranko náà mú ní awọ ẹ̀yìn ọrùn, ó gbé e sókè. Ẹranko náà yán bí ẹni tí oorun ń kùn, ó sì fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀.

“Ó fẹ́ràn yín,” Frau Hansen wí fún mi.

Mùfútáù Àlàbí lorúkọ mi. Ọmọ Ṣakí ni mí, ṣùgbọ́n Steilshoop ni mò ń gbé ní Hamburg, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro ibẹ̀, èmi àti Rúkáyà ìyàwó mi àti Àmínà ọmọ wa. Kí n tó dé ìdí iṣẹ́ yìí, mo ti fọ bọ́ọ̀sì, mo ti gbé ẹrù ní èbúté, mo sì ti to búrẹ́dì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan títí òórùn búrẹ́dì fi sú mi. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn mí jù, obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ mi ní Jobcenter, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá èèyàn wáṣẹ́, bi mí bóyá mo fẹ́ràn ẹranko. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ewúrẹ́ ló wà lọ́kàn mi.

Ẹni tí kò bá tíì rí Frettchen rí, kó fojú inú wo ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n fà gùn bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa rọ́bà, kó wá fún un lójú olè. Ẹran ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn Jámánì ń sìn ín nínú ilé bí a ṣe ń sin ológbò. Ohun tí ẹni tó tà á fún wọn kì í sọ ni pé ó ń rùn bí ẹ̀tà, ó ń jalè bí ọmọ ìta, kò sì lè dá gbé láìní ẹlẹgbẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sú wọn, wọ́n á sé e mọ́ inú kéèjì ehoro nínú àjà ilẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e sórí bákónì nínú òtútù. Irú àwọn tí wọ́n ti pa tì bẹ́ẹ̀ ni Frau Hansen ń lọ kó. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn aláìsàn tòun tẹ́lẹ̀ náà máa ń já òun jẹ, pé kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí mo fi gbọ́ ohùn Rúkáyà láti kíṣìnì.

“Bàbá Àmínà, òórùn yín ti wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀.”

Àmínà yọjú, ó di imú. “Papa, du stinkst!” Bó ṣe fi èdè Jámánì sọ ohun tí ìyá rẹ̀ fi ọ̀wọ̀ sọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni aṣọ iṣẹ́ mi ti di ará bákónì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lọ kírun ní mọ́sálásí tó wà ní àdúgbò St. Georg. Síbẹ̀, ọkùnrin tó jókòó tì mí yínmú, ó yẹ ìsàlẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wò, ó tún yẹ ti ẹnìkejì rẹ̀ wò. Mo bá wọn yẹ tèmi náà wò. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀rẹ̀ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan wà tí Frau Hansen ò jẹ́ kí n gbàgbé. Ó fi mí sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí n bá òun wo àwọn ẹranko náà títí òun á fi ti ọjà dé. Mo gbé ọ̀kan, ó rọ̀ jọwọlọ lọ́wọ́ mi. Mo mì í, orí rẹ̀ ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Mo pè é, kò dáhùn. Ara mi di yìnyín. Mo ní innálíláàhì, mo tẹ́ ẹ sórí táwẹ̀lì, mo fi táwẹ̀lì mìíràn bò ó, mo sì jókòó tì í tomijétomijé. Nígbà tí Frau Hansen dé, mo dìde, mo ní, “Frau Hansen, ẹ jọ̀ọ́, ó ti kú. Mi ò fi nǹkan kan ṣe é.”

Ó ṣí táwẹ̀lì náà, ó fi ìka gún ẹranko náà níkùn jẹ́jẹ́. Òkú náà la ojú kan, ó nà, ó sì tún yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti máa bá oorun rẹ̀ lọ.

“Bí wọ́n ṣe ń sùn nìyẹn,” ló wí. “Ẹ ò tíì sin ín, àbí?”

Iṣẹ́ yìí ti ń mọ́ mi lára díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n fóònù wa láti Berlin. Obìnrin kan ní Märkisches Viertel ló pè. Ó ní bàbá kan, Herr Krause, wà lókè òun, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì fi Frettchen mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Òórùn ń bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀kùn, bàbá náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Obìnrin náà ti bẹ àwọn ibùdó ẹranko tó wà nítòsí, ibi gbogbo ló kún. Frau Hansen mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì kékeré wa, ó lọ kó àpótí ẹranko sínú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la gbéra.

Àwọn ilé ibẹ̀ ga, wọ́n sì gùn bí odi ìlú. A gun lífíìtì dé òkè, kò sì pọn dandan kí a wo orúkọ lára ilẹ̀kùn, imú wa ló mú wa débẹ̀. Frau Hansen tẹ aago.

“Mi ò ra nǹkan kan!” ohùn kan wí láti inú ilé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jò bíi ti ẹni tí omi wà lẹ́nu rẹ̀.

“A ò ta nǹkan kan, Herr Krause. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko yín la bá wá.”

“Wọ́n wà dáadáa.”

“Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó wò wọ́n, a ó kí yín kú ìtọ́jú, a ó sì máa lọ.”

A gbọ́ tó ń yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ojú kan yọ. Ó wo Frau Hansen, ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ta lèyí?”

“Herr Alabi ni. Òun ni wọ́n máa ń já jẹ.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún wa, nítorí ẹnu bàbá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gùn, ó gbẹ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n kò de bọ́tìnnì rẹ̀ sójú ihò tó yẹ. Kò sí eyín kankan lẹ́nu rẹ̀.

Inú balùwẹ̀ ló kó wọn sí. Akọ méjì ló wà níbẹ̀, Max àti Kalle. Ọlọ́run mi! Èékánná wọn ti gùn débi tó fi ká bí ìwọ̀ ẹja, wọn ò lè tẹsẹ̀ dáadáa mọ́. Etí wọn dúdú fún ìdọ̀tí kòkòrò. Irun ìrù Max ti re tán, ìrù rẹ̀ wá dà bíi ti eku lásán. Àwo kan wà nílẹ̀, búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì ló wà nínú rẹ̀.

Frau Hansen fi ìka tọ́ka sí àwo náà. “Kí lèyí?”

“Oúnjẹ wọn,” Herr Krause dáhùn. “Àárọ̀ àti alẹ́. Mi ò gbàgbé rí. Lọ́jọ́ kan báyìí tí búrẹ́dì tán, tèmi ni mo fún wọn.”

Frau Hansen ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo sì mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, nítorí ó ti sọ ọ́ sí mi rí. Ṣùgbọ́n ó wo ojú bàbá náà, ó pa ẹnu dé. Ó kàn ní, “Ẹkẹta ńkọ́?”

Ẹkẹta ni Lotte, abo tó dàgbà jù nínú wọn. Herr Krause ní ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òun ti rí i kẹ́yìn, pé ó máa ń jáde wá jẹun tí òun bá ti sùn. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nìyẹn. Frau Hansen gbé àpò rẹ̀ sórí tábìlì, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi wá abẹ́ àga, inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Nígbẹ̀yìn mo rí ihò kan nínú kíṣìnì, láàárín ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ògiri. Mo dojúbolẹ̀, mo na ọwọ́ wọ ibẹ̀ títí dé èjìká.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fà jáde ni ìbọ̀sẹ̀. Mo tún fa ìbọ̀sẹ̀ mìíràn. Mo fa rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n jáde.

“Há!” Herr Krause wí. “Láti ìgbà tó ti sọnù ni mo ti ń wo ìkànnì kan ṣoṣo.”

Mo fa kọ́kọ́rọ́ jáde, mo fa ṣíbí jáde, mo fa kànrìnkàn jáde. Mo wá fọwọ́ kan nǹkan líle kan tó ń yọ̀, mo fà á wá síbi ìmọ́lẹ̀. Eyín ni! Eyín èèyàn, ó ń wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo jù ú sọ́hùn-ún, mo fò dìde. “Eyín èèyàn! Frau Hansen, wọ́n ti jẹ èèyàn níbí!”

“Tèmi ni!” Herr Krause kígbe. Ó bẹ̀rẹ̀ kíá bí ọ̀dọ́mọkùnrin, ó gbé eyín náà, ó sáré wọ balùwẹ̀. A gbọ́ omi tó ń ṣàn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde wá, ẹnu rẹ̀ ti kún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi eyín náà sọ ni, “Olè ọmọ olè! Ọbẹ̀ ni mò ń jẹ látìgbà yìí!”

Frau Hansen kò lè dúró mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi tún dojúbolẹ̀. Ó ku nǹkan kan nínú ihò náà, mo rọra fà á. Sílípáàsì obìnrin ni, aláwọ̀ búlúù, onírun nínú. Lotte wà nínú rẹ̀, ó ti ká jọ, orí rẹ̀ ti wọ ibi ìka ẹsẹ̀. Ó rù débi pé mo ń ka egungun ìhà rẹ̀.

 Herr Krause gba sílípáàsì náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹranko tó wà nínú rẹ̀, ó jókòó sórí àga.

“Ti Helga ìyàwó mi ni,” ló wí. “Òun ló ń bọ́ wọn. Gbogbo ọdún yẹn, mi ò bi í rí ohun tí wọ́n ń jẹ.” Ó fi ìka kan pa orí Lotte. “Ẹ kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa pa èyí ni?”

Ẹnu mi ló yá jù. “Rárá o, Herr Krause. Ẹ máa tún rí i. Mo ṣèlérí.”

A fi Lotte sínú àpótí tirẹ̀ pẹ̀lú sílípáàsì rẹ̀, nítorí pé Herr Krause ní kí a má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀, Frau Hansen kò tíì yí kọ́kọ́rọ́ tó fi dojú kọ mí.

“Herr Alabi, ẹ má ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹranko yẹn lè má rí ọ̀la. Ta ló máa wá sọ fún bàbá náà? Ẹ̀yin ni, kì í ṣe èmi.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Láti Berlin títí dé etí Hamburg, òjò ò dá lórí ọkọ̀ náà.

Ní St. Georg, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, a ò lè lọ síwájú, a ò lè padà. Mo yíjú sẹ́yìn láti wo àwọn ẹranko. Lotte ti na gbalaja nínú àpótí. Mo mì í díẹ̀, ó rọ̀ jọwọlọ. Mo ti gbọ́n báyìí, ṣé ẹ rí i. Mo ní, “Ó ń sùn ni.”

Frau Hansen bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. “Ṣé itọ́ máa ń dà lẹ́nu ẹni tó ń sùn báyìí? Ẹ wo ojú rẹ̀!”

Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú. Frau Hansen ní ṣúgà ló ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àìsàn tó máa ń ṣe àwọn tó ti dàgbà nínú wọn ni, pé tí kò bá rí nǹkan dídùn lá kíá, ó tán. “Oyin wà nínú àpò mi,” ló wí, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn. Kò sí àpò. Àpò náà wà lórí tábìlì Herr Krause ní Berlin.

Mi ò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo fi táwẹ̀lì wé Lotte, mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, mo sáré sínú òjò. Ṣọ́ọ̀bù Alhaja Sìkírátù kò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Alhaja, ó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa, ó sì ń bá àwọn èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó. Ibẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú lọ́jọ́ náà.

“Alhaja, ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá oyin!”

“Káàsán, Mùfútáù. Oyin ti kí ni? Kí lo gbé mọ́ra bí ọmọ tuntun yẹn?”

Ibi tó ti ń béèrè ni ìrù Lotte ti yọ láti inú táwẹ̀lì. Obìnrin kan tó dúró tì mí figbe ta, “Òkété! Òkété rèé o!” ó sì gun orí àpò gàrí. Ẹnìkejì rẹ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó gbé iṣu méjì dání ní tirẹ̀ sún mọ́ mi, ó na ọrùn.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé odidi lẹ ń tà á, àbí ẹ máa gé e?”

“Aláìsàn ni!”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Ó sún sẹ́yìn. “Ẹ má bínú, a kì í jẹ aláìsàn.”

Alhaja ti jáde láti ẹ̀yìn kàǹtà. “Mùfútáù, ṣé orí ẹ pé? O gbé eku wá síbi tí mo ti ń ta oúnjẹ! Kí àwọn Gesundheitsamt, àwọn wolé-wolé ibí, wá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa lo fẹ́, àbí? Jáde! Jáde, mo ní!”

“Alhaja, ó ń kú lọ. Mo ti ṣèlérí fún bàbá arúgbó kan pé kò ní í kú. Ẹ wò ó, mà. Ẹ kàn wò ó.”

Mo ṣí táwẹ̀lì náà. Alhaja wò ó. Mi ò mọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́mọ ni, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó na ọwọ́ sókè, ó fa ìgò oyin kan wálẹ̀, ìdérí rẹ̀ ò tètè ṣí, ó fi eyín já a. “Gbà. Ṣe kíá.”

Mo ti ìka bọ oyin, mo fi pa erìgì Lotte lẹ́bàá ètè, bí Frau Hansen ṣe kọ́ mi nígbà tí a bá ń fún wọn ní oògùn, kí ìka má bàa bọ́ sáàárín eyín. Kò mira. Mo tún fi pa á.  Alhaja tẹ̀ mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ sínú táwẹ̀lì bí ìgbà tí wọ́n bá ń rọ ọmọ lágbo: “Lá a, ìyá mi. Lá a díẹ̀. Ó dùn, ti Ṣakí ni.” Àwọn obìnrin orí gàrí ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti yí wa ká. Mo fi pa á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ahọ́n rẹ̀ yọ. Kékeré ni, ó pọ́n, ó lá ètè òkè, ó padà wọlé. Ó tún yọ. Lẹ́yìn náà kò dúró mọ́, ó ń lá ìka mi, ó ń lá táwẹ̀lì, ojú rẹ̀ sì ń mọ́lẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Alhamdulilah!” gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Ọkùnrin oníṣu ló pariwo jù.

Lotte gbé orí sókè, ó fi imú wá atẹ́gùn. Pańlá ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú apẹ̀rẹ̀. Ó na ọrùn gígùn yẹn, ó gbá ìrù pańlá kan mú, ó sì kọ̀, kò fi sílẹ̀. Mo fà á, ó fà á.

“Fi í sílẹ̀ fún un,” Alhaja wí. “Ẹni tó ti ọ̀nà ọ̀run bọ̀, ebi á máa pa á. Ṣùgbọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde o.”

Ibẹ̀ ni Frau Hansen bá wa, ó tutù bí ẹja, ó ń mí hẹlẹ. Ó rí Lotte tó ń jẹ pańlá. Ó rí Alhaja tó gbé ìgò oyin dání. Jámánì Alhaja ò pọ̀, Frau Hansen ò sì gbọ́ Yorùbá, wọ́n kàn di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń mi ara wọn. Nípa ìlérí tí mo ṣe, Frau Hansen kò sọ ọ́ sí mi mọ́.

Dókítà ẹranko ní àìsàn náà kò ní í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú oògùn lójoojúmọ́ àti oúnjẹ gidi, Lotte ṣì lè gbádùn ayé rẹ̀. Iṣẹ́ wá kù sí wa lọ́wọ́. A fọ etí. A gé èékánná. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn: ẹ máa fi òróró ẹja díẹ̀ pa á níkùn, bó bá ti ń lá ikùn rẹ̀ báyìí, ẹ̀yin ẹ máa gé tiyín lọ, kò ní í mọ̀. Oúnjẹ ló le jù. Àwọn tí búrẹ́dì ti mọ́ lára kò mọ̀ pé oúnjẹ ni ẹran. Kalle wo ẹran, ó fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ bò ó. Alhaja ló ń fi iwe adìẹ ránṣẹ́ sí wa, a ń gún un pọ̀ mọ́ búrẹ́dì, a ń dín búrẹ́dì kù lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Lọ́jọ́ tí Max kọ́kọ́ jẹ ẹran lásán, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fò sẹ́yìn, ó fi orí gbá ògiri, ó tún fò, ó ń ṣe kúkúkú bí àgbébọ̀ adìẹ. “Muckern” làwọn Jámánì ń pe ohùn yẹn. Ó túmọ̀ sí pé inú ẹranko náà dùn débi tí kò mọ ohun tó máa fi ara rẹ̀ ṣe.

Rúkáyà alára wá wò wọ́n. Ó ní òun fẹ́ rí àwọn orogún òun. Kò tíì jókòó tí Kalle fi wọ́ ìborùn rẹ̀ lọ sábẹ́ àpótí. Ìyàwó mi, tí kì í sáré tí bọ́ọ̀sì bá ń fi í sílẹ̀, ló ń rákò kiri yàrá náà tó ń pariwo pé, “Olè! Ìwọ olè yìí, mo rí ẹ!” Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá se adìẹ, ó ní ibi tó ń yọ sọ́tọ̀ tí èmi kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Herr Krause sì wá. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin, ó de táì, ó gbé àpò Frau Hansen dání. Frau Hansen gbé àga kékeré fún un, ó ń kọ́ ọ bí olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. “Kí ni wọ́n ń jẹ?” “Ẹran.” “Búrẹ́dì ńkọ́?” “Èmi ni mo ń jẹ búrẹ́dì.” Òógùn bò ó nígbà tó ń gé èékánná àkọ́kọ́. Ó tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Nígbà tó wá béèrè, pẹ̀lú ìtìjú, bóyá òun lè kó wọn padà sílé, Frau Hansen kọ̀ jálẹ̀.

“Ẹni tó fi búrẹ́dì bọ́ wọn?” ló wí fún mi nígbà tó lọ tán.

“Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nígbà yẹn,” mo fèsì. “Báyìí, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.”

Ó bínú sí mi fún odidi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Berlin fúnra rẹ̀ láti wo ilé náà. Nígbà tó dé, ó ní Herr Krause ti fi yàrá tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹranko, òun fúnra rẹ̀ wá ń sùn ní pálọ̀. Ó ní kò sí ẹjọ́ tí òun lè rò mọ́.

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn, Max, Kalle àti Lotte pẹ̀lú sílípáàsì rẹ̀. Yàrá wọn ṣófo. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún, mo délé. Rúkáyà jáde láti kíṣìnì, ó dúró, ó wò mí.

“Ẹ ò rùn lónìí,” ló wí. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Mo lọ gbé aṣọ iṣẹ́ mi sí bákónì. Ó bu oúnjẹ fún mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni fóònù mi dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Herr Krause ni.

“Herr Alabi, wọn ò dá mi lóhùn. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo pè wọ́n, wọ́n kàn ń wò mí láti inú ihò wọn. Frau Hansen ní kí n bi yín. Ó ní ẹ ní ohun tí ẹ máa ń sọ kí ẹ tó gbé àwo kalẹ̀.”

“Èmi? Mi ò sọ nǹkan kan.”

“Ó ní ẹ máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Kì í ṣe Jámánì.”

Mo ronú títí. Mo wá dìde, mo ṣe bí ẹni tó gbé àwo lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jáde fúnra rẹ̀.

“Ẹ wá jẹun.”

“E va…?”

“Ẹ wá jẹun. Ẹ gbé ohùn sókè níbi ‘wá’ yẹn. ‘Jẹun’ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.”

Ó tún un wí, ó tún un wí. Rúkáyà ti gbé ojú kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wò mí. “Èwo ni ‘ẹ’ tó ṣáájú yẹn?” Herr Krause béèrè.

“Nítorí pé wọ́n pọ̀ ni. A sì máa ń lò ó fún àgbà.”

Ó ní, “Ó dára. Àgbà ni Lotte.”

Mo gbọ́ tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wú ikọ́, bí ẹni tó fẹ́ bá àwùjọ sọ̀rọ̀, ó sì pariwo rẹ̀ nínú ilé gogoro yẹn ní Märkisches Viertel pé, “Ẹ wá jẹun!”

Kò sí ìró kankan. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ èékánná lórí pákó ilẹ̀, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà wéréwéré, àwọn tiwájú méjì, lẹ́yìn náà ẹni kan tó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo gbọ́ kúkúkú. Mo gbọ́ bàbá náà tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gbàgbé pé mo wà lórí fóònù. Èmi náà kò pa á. Mo na fóònù sáàárín èmi àti Rúkáyà, a jókòó síbẹ̀, a ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹun.